Ọ̀rẹ̀: Èbúté Tí Kò Lómi

Bí aago méjìlá ọ̀sán bá ti ń súnmọ́, ariwo ìlú Ọ̀rẹ̀ a yí padà. Láàárọ̀, ariwo àwọn onílé ni: ọ̀kadà, akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọlọ́jà, àti ọkọ̀ akógẹdú tó ń mì tìtì lọ sí ibi ìlagi. Lọ́sàn-án, ariwo àwọn àlejò ló máa ń gbòde. Bọ́ọ̀sì ńlá tó kúrò ní Èkó ní kùtùkùtù a yà kúrò lójú títì márosẹ̀, eruku a sọ, ìlẹ̀kùn a ṣí, àwọn èrò a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó gúnlẹ̀ sí èbúté lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀ lórí omi. Ẹnì kan ń na ẹsẹ̀, ẹnì kan ń na ẹ̀yìn, ọmọdé kan ń sunkún, bàbá kan sì ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ta iyán kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì tó kan ilẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kiri ìpékeré, èpà, bùrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá a sáré yí wọn ká.

Mo jókòó sábẹ́ páànù ilé oúnjẹ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹni tí gbogbo ẹbí wa ń pè ní Màmá Ọ̀rẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Màmá ti ń gún iyán tà ní ẹ̀gbẹ́ títì yìí. Etí rẹ̀ ti mọ ọkọ̀ ju ojú rẹ̀ lọ: kó tó gbójú sókè, yóò ti sọ fún ọ bóyá bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ yóò yà tàbí yóò kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo dé, kí oúnjẹ tó wọ̀ mí lára, bọ́ọ̀sì méjì yà, mẹ́fà kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọjá ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, gíláàsì rẹ̀ dúdú, ara rẹ̀ ń dán bíi bàtà ọjọ́ ọdún. Màmá fi ọmọ-odó ọwọ́ rẹ̀ nà án.

“Ṣé o rí ìyẹn? Ilé ló gbé rù. Ó ní ilé ìtọ̀ nínú, ó ní tẹlifíṣọ̀n, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n á tún di ìpápánu sínú páálí fún wọn láti Èkó. Kí ni wọ́n tún ń wá bọ̀ lọ́dọ̀ mi?”

Mi ò lè dá a lóhùn. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé kiri Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó fún ọjọ́ mẹ́ta, òun náà ni mo sì gbé wá bá ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí.

Ọkọ̀ tó di ìlú

Ó lè yà yín lẹ́nu pé orí òkun ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tó jọ ọ̀rọ̀ Màmá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo fídíò ìrìn àjò lórí fóònù yín yóò ti rí àwọn ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́, àwọn ọkọ̀ funfun gbàgẹ̀dẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ ó rò pé àdúgbò kan ló léfòó. Èyí tí wọ́n ń pè ní Icon of the Seas gbéra fún ìrìn àkọ́kọ́ rẹ̀ láti Miami ní oṣù kìíní ọdún 2024. Àjà 20 ló ní, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ 7 ló wà nínú rẹ̀, ó sì lè gba èrò tó ju 7,000 lọ láìka àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ tó ti gbó díẹ̀ kì í sì í jókòó kí ti tuntun máa gba èrò lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń wọ́ wọn lọ sí ibi ìtúnṣe, wọ́n á fa omi kúrò lábẹ́ wọn títí ìdí ọkọ̀ yóò fi hàn gbangba, àwọn òṣìṣẹ́ á sì wọ inú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Nígbà tí ọkọ̀ bá tún padà sínú omi, ilé ijó tuntun, ilé oúnjẹ tuntun, ibi ìyọ̀tẹ̀rẹ́ tuntun fún àwọn ọmọdé, gbogbo rẹ̀ á ti wà níbi tí kò sí lánàá.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ná irú owó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé owó tí èrò san wọ ọkọ̀ kì í ṣe gbogbo owó tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó bá mu nínú ọkọ̀, ohun tó bá rà nínú ọkọ̀, eré tó bá wò nínú ọkọ̀, owó ni gbogbo wọn. Bí ọkọ̀ bá ti ń dùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ èrò ń wúwo láti sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté. Ìyá tó ń ta fìlà koríko àti àgbọ̀n létí òkun á máa wo ọkọ̀ bí ó ti dúró gbọnrangandan, kò sì ní rí ẹni tó máa rajà. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn tilẹ̀ ti gba erékùṣù tiwọn. Ní ọdún 2019, ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ tí mo ń sọ yìí ṣí erékùṣù kan tí wọ́n tún ṣe ní Bahamas, CocoCay lorúkọ rẹ̀. Èrò sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbàlá ẹni tó gbé e wá ló ṣì wà.

Àwa náà ti mọ ọkọ̀ òkun rí. Kó tó di pé ọkọ̀ òfúrufú gba ojú ọ̀nà, ọkọ̀ Elder Dempster ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wọ̀ lọ kàwé ní ìlú Òyìnbó. Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1951, gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Láti Liverpool sí Àpápá, ó máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń yà ní Las Palmas, ó ń yà ní Freetown, gbogbo ibi tó bá yà sì ni ọjà ti ń yí i ká. Ọkọ̀ òfúrufú ló gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀, ìrìn rẹ̀ lórí ọ̀nà yìí sì parí ní ọdún 1974. Àwọn ọkọ̀ òkun tó yè bọ́ nígbà náà yè nítorí pé wọ́n pa iṣẹ́ dà. Wọn ò tún gbé èèyàn lọ síbì kan mọ́, àwọn fúnra wọn ni ibi tí èèyàn ń lọ.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún Màmá, ó gbọ́ ọ dópin, ó wá ní, “Ọmọ mi, ìyẹn ni pé èmi ni ìyá alágbọ̀n.”

Oríta tó ń jẹ lára ọ̀nà

Láti mọ ohun tí Ọ̀rẹ̀ lè pàdánù, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó fi dúró. Bí ẹ bá ti Èkó ń bọ̀, ẹ ó kọjá Ṣágámù, ẹ ó kọjá Ìjẹ̀bú-Òde àti Ògbẹ̀rẹ̀, ẹ ó wọ inú igbó tí kò fẹ́ tán, ẹ ó gba J4 àti Ajébándélé kọjá kí ẹ tó wọ ilẹ̀ Òndó. Láti Ọ̀rẹ̀, títì tún ń lọ sí Omótóṣọ́, níbi tí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná wà, ó kọjá Òfóṣù, ó sì wọ ìpínlẹ̀ Ẹdó lọ sí Benin. Nǹkan bí 300 kìlómítà ni Èkó sí Benin, Ọ̀rẹ̀ sì jókòó sójú ọ̀nà náà. Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ọ̀nà tó ti Òndó bọ̀ gba Odígbó, ó dá títì ńlá yìí kọjá ní Ọ̀rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa àti ilẹ̀ olómi àwọn Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè jẹ iyán àwọn ará òkè àti púpurù àwọn ará odò lórí tábìlì kan náà.

Oríta yìí ni ogun mọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá odò Ọya, wọ́n gba Benin, wọ́n sì doríkọ Èkó. Ọ̀rẹ̀ ni ìrìn wọn dúró sí. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti kọjú wọn, kó tó di pé wọ́n gba Benin padà lógúnjọ́ oṣù kẹsàn-án. Títí dòní, bí àgbàlagbà Yorùbá bá fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ kan le kọjá sísọ, ìjà Ọ̀rẹ̀ ni yóò fi wé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń lo ọ̀rọ̀ náà láìmọ̀ pé ìlú tí àwọn ti ń ra ìpékeré ni.

Lẹ́yìn ogun ni títì márosẹ̀ dé, ìlú sì tẹ̀lé e. Ẹni tó ń ta epo pupa ta á sí etí títì, ẹni tó ń ta ìgbín àti gààrí ta á síbẹ̀. Kòkó, ọ̀pẹ àti igi gẹdú láti inú igbó ọba Olúwa gba ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n títì kan náà tún di ìyà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín, wọn á sọ fún yín nípa ìgbà tí kòtò fẹ́ gbé ọkọ̀ mì ní ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Benin, tí èrò ọdún Kérésìmesì ń sùn sínú ọkọ̀ mọ́jú. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé Agbábù, níbi tí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì wà lábẹ́ ilẹ̀, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó kan náà. Láti nǹkan bí ọdún 1908 ni àwọn Òyìnbó ti ń wá ọ̀dà ní agbègbè yẹn. Ọ̀dà wà nísàlẹ̀, kòtò wà lókè.

Màmá kò fi gbogbo ẹnu bú àwọn ọdún kòtò wọ̀nyẹn. Ó sọ ọ́ fún mi ní ohùn kẹ́lẹ́, bí ẹni pé ó ń jẹ́wọ́: nígbà tí ọ̀nà bàjẹ́, ọjà yá. Èrò tí ebi ń pa, tí òru ń lé, yóò jẹun dandan. Nígbà tí wọ́n tún ọ̀nà ṣe, tí ìjọba Gómìnà Akérédolú sì kọ́ afárá sí oríta kí ọkọ̀ má baà máa há mọ́ ara wọn lójú kan, inú gbogbo ìlú dùn, inú tirẹ̀ náà dùn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó dín odó kan kù.

Ohun tí èrò ń rí

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Bí ọkọ̀ òkun bá ní ibi ìtúnṣe tirẹ̀, abẹ́ igi máńgòrò ni ti Ọ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì tó ti ń ta sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Páńẹ́lì bítà ń lu irin, wẹ́dà ń tan iná, rẹ́wáyà kan tí kò tíì pé ogún ọdún na gbalaja sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń sùn.

Ọ̀rọ̀ dídárà sí ọkọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Nígbà ayé bọ́lẹ̀kájà, ẹ́ńjìnnì àti irin ìsàlẹ̀ nìkan ló ń ti òkè òkun bọ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Káfíńtà tiwa ló ń fi pákó kan ara rẹ̀, ayàwòrán tiwa ló ń kun ún, tó ń kọ òwe sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì gbọ̀ngbọ̀nrọ̀n dé, tẹlifíṣọ̀n dé, wọ́n sì ń fi fíìmù àgbéléwò pa èrò lẹ́rìn-ín láti Èkó dé Ọnìṣà. Amúlétutù tẹ̀lé e. Ní báyìí, ibi ìgbaná fóònù ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó. Bọ́ọ̀sì kan kò fẹ́ kí èkejì fi ohun kan jù òun lọ.

Awakọ̀ kan tó ní bọ́ọ̀sì elérò 14 wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ń ṣe awọ tuntun sí ìjókòó, ó ń fi iná aláwọ̀ búlúù yí àjà rẹ̀ ká, ó sì ti ra tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fẹ́ so mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì, bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun, jókòó sórí táyà ó ń wò ó.

“Mo ti sọ fún ọ pé táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti kú,” bàbá náà sọ. “Búréèkì rẹ náà ń ké.”

“Mo gbọ́, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n pa owó ọ̀sẹ̀ yìí ná. Èrò ò lè rí búréèkì. Iná ni wọ́n ń rí.”

“Ọjọ́ tí búréèkì kò bá sí níbẹ̀ ni wọ́n máa rí i.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ṣàlàyé fún mi pé ní gáréèjì, bí bọ́ọ̀sì méjì bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí iye owó wọn sì dọ́gba, èyí tí ó tutù, tí ó sì ń dán ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń wọ̀. “Ẹ̀yin náà ni,” ó fi ìka tọ́ mi. “Ẹ ò béèrè táyà lọ́wọ́ mi rí.” Mo rò ó wò, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Mo ti wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà yìí ní àìmọye ìgbà. Mo ti béèrè bóyá amúlétutù ń ṣiṣẹ́, mo ti béèrè bóyá wọ́n máa dúró ní Ọ̀rẹ̀. Mi ò tíì wo táyà rí.

Mo rántí ọkọ̀ òkun Queen Elizabeth 2, tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn ní ọdún 1969. Láàárín ọdún 1986 sí 1987, wọ́n wọ́ ọ lọ sí Bremerhaven ní Jámánì fún àtúnṣe. Wọ́n tún yàrá ṣe, wọ́n tún ilé oúnjẹ ṣe, ṣùgbọ́n olórí iṣẹ́ náà ni pé wọ́n yọ ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń lo díísù rọ́pò. Kò sí èrò kan tó ń san owó láti lọ wo ẹ̀rọ ọkọ̀. Síbẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí yẹn ló jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún sí i. Bákan náà, òfin ojú omi àgbáyé sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ akérò jáde kúrò nínú omi, kí wọ́n yẹ ìdí rẹ̀ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún 5. Àkókò yẹn gan-an ni wọ́n sábà máa ń lò láti fi kọ́ ilé ijó tuntun. Yíyẹ ìdí wò ló kọ́kọ́ dé, ẹ̀ṣọ́ ló tẹ̀lé e.

Kí n tó kúrò, mo rí i tí awakọ̀ náà ń ka owó. Ó ka á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí rẹ́wáyà fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ná, kó so iná nìkan. Lẹ́yìn náà, ó pè sẹ́yìn, ó béèrè iye táyà kan lọ́wọ́ bàbá. Ọ̀kan, kì í ṣe méjì. Bàbá náà dìde lórí táyà tó jókòó lé, ó ní, “A ó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.”

Ìlú tí títì kò mì

Lọ́jọ́ kẹta, mo gun ọ̀kadà lọ sí Odígbó. Ọ̀nà náà kò jìn. Kìlómítà díẹ̀ ni, lójú ọ̀nà Òndó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ariwo Ọ̀rẹ̀ bọ̀ yóò rò pé òun ti wọ ayé mìíràn. Òkò ọkọ̀ kì í sọ níbẹ̀. Kòkó ń gbẹ lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ewúrẹ́ ń rọra rìn kọjá, àwọn àgbà ń kí ẹni tí wọn kò mọ̀. Ìlú ọlọ́ba ni Odígbó, Ọ̀rúnjà ni orúkọ oyè ọba wọn. Odígbó ló fún ìjọba ìbílẹ̀ náà lórúkọ, ṣùgbọ́n Ọ̀rẹ̀ ni olú ìlú rẹ̀, nítorí ibi tí títì gbà ni ọ́fíìsì, báńkì àti ọjà máa ń tẹ̀lé.

Mo jókòó ti ìyá àgbàlagbà kan tó ń yí kòkó rẹ̀ padà lórí ẹní. Mo béèrè bóyá kò dùn wọ́n pé títì ńlá kò gba ọ̀dọ̀ wọn. Ó wò mí bí ẹni tó béèrè ìbéèrè ọmọdé.

“Títì ò gba ọ̀dọ̀ wa, ọkọ̀ ò pa wá lọ́mọ lójú títì,” ó ní. “Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà wà ní Ọ̀rẹ̀, wọ́n ń ta nǹkan. Ibẹ̀ ni owó wà. Bí Ọ̀rẹ̀ bá ta, àwa náà á rí ata rà.”

Mo ronú lé ọ̀rọ̀ ìyá yìí nígbà tí mò ń padà. Odígbó ń jẹ láti inú ilẹ̀, ilẹ̀ kì í sì í yára kọjá. Ọ̀rẹ̀ ń jẹ lára ohun tó ń sáré. Ohun tó ń sáré lè yà, ó sì lè má yà. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò já ara wọn sílẹ̀: iṣu tí Màmá ń gún, inú oko ló ti wá, ata rẹ̀ bákan náà. Bí bọ́ọ̀sì mẹ́fà bá kọjá láìdúró, ìkòkò Màmá nìkan kọ́ ni kò ní kún.

Owó àjọ Màmá

Nígbà tí mo padà dé, Màmá ti ń retí mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Àjọ tó ń dá pẹ̀lú àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ kàn án lóṣù yẹn. Ó fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n ńlá sínú ilé oúnjẹ, kó sì fi páálí funfun bo àjà. “Bí bọ́ọ̀sì bá ní, èmi náà á ní,” ó sọ.

Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní èrò tó ti wo fíìmù láti Ṣágámù kò ní sọ̀ kalẹ̀ torí fíìmù. Mo ní ohun tí èrò ń wá ni ohun tí ọkọ̀ kò lè fún un: ilẹ̀ tí kò mì, oúnjẹ gbígbóná, omi tó mọ́, àti ibi tí obìnrin lè ti tọ̀ láìwo ẹ̀yìn. Màmá bínú díẹ̀. Ó ní ọmọ Èkó ni mí, pé mo wá fún ọjọ́ mẹ́ta, mo fẹ́ kọ́ òun ní iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún. Mo dákẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bọ́ọ̀sì kan yà. Obìnrin kan pọn ọmọ sẹ́yìn, ó fa ọmọbìnrin mìíràn tó tó ọmọ ọdún méje lọ́wọ́, ó sì béèrè ilé ìtọ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan fi ìka tọ́ ẹ̀yìn ilé, níbi tí igbó wà. Obìnrin náà lọ, ó wò ó, ó padà. Kò bínú, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn mú àwọn ọmọ rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, ó sì jókòó títí àwọn yòókù fi jẹun tán. Mo rí i lójú fèrèsé bó ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ọmọbìnrin náà lórí, tí ọmọ náà sì kó itan pọ̀.

Màmá náà rí i. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó da omi sí iyán tó wà nínú odó, ó gún un dáadáa, ó sì sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀ pé kó bá òun pe bíríkìlà lọ́jọ́ kejì.

Bí ẹ bá ń gba ibẹ̀ kọjá

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa gba ọ̀nà yìí lọ sí ìgbéyàwó, àgùnbánirọ̀ tàbí ìsìnmi, ẹ gbìyànjú láti rin ìrìn yín ní ojúmọmọ. Ẹ jẹun ní Ọ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá jẹ púpurù rí, ẹ tọ́ ọ wò pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Ẹ ra ìpékeré lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n sáré tẹ̀lé ọkọ̀ tó ti gbéra nítorí ṣéńjì yín. Ẹ mú owó yín sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Bí ẹ bá ní wákàtí kan lọ́wọ́, ẹ gun ọ̀kadà dé Odígbó, kí ẹ wo bí ìlú ṣe ń rí nígbà tí kò bá sí ohun tó ń lé e.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ní gáréèjì, ẹ wo táyà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin tó tẹ̀lé ara wọn: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí wọ́n bá kọ 2315, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015 ni wọ́n ṣe táyà yẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ohun tí èrò bá ń béèrè ni awakọ̀ máa ń náwó sí. Ọ̀rẹ́ mi abẹ́ igi máńgòrò ti sọ bẹ́ẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn tí mo padà sí Èkó ni mo pe Màmá. Bíríkìlà ti parí. Ilé ìtọ̀ méjì ni, ti ọkùnrin ọ̀tọ̀, ti obìnrin ọ̀tọ̀, pẹ̀lú táńkì omi lókè àti ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà. Kò ra tẹlifíṣọ̀n. Mo béèrè bóyá ọjà ti yá.

“Kò tíì rí bíi ti àtijọ́,” ó sọ. “Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ti ń sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó dúró lọ́dọ̀ mi. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń pè mí báyìí? Ìyá Onílé-Ìtọ̀ Mímọ́. Ọgbọ̀n ọdún tí mo fi gún iyán, kò sẹ́ni tó fi iyán sọ mí lórúkọ.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́.

Mo wá béèrè nípa bọ́ọ̀sì gíga onígíláàsì dúdú yẹn.

“Ó ṣì ń kọjá,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ó ti ń fọn fèrè kí mi.”